Kápúsù olú fún awọ ara tó gbẹ: ohun tó jẹ́ òótọ́ àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Ní 2024, àwọn onímọ̀ kan ní Japan gbé èsì ìwádìí jáde pé awọ ara àwọn obìnrin tó lo tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi olú ṣe tutù ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ìpolówó kápúsù olú sì ti gbòde kan lórí WhatsApp àti Instagram. Ẹnì kan á ní olú tòun ń fa omi tó ìlọ́po 500 ìwúwo ara rẹ̀, ẹlòmíràn á ní ẹni tó bá ń lo tòun ti bọ́ lọ́wọ́ ìpara. Àwọn òǹkàwé ń béèrè èwo ni ká gbà gbọ́. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ta á, inú ara ló sì ń lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú àwọn ìbéèrè náà níkọ̀ọ̀kan.

Olú wo gan-an ló wà nínú kápúsù yìí?

Ó pé oríṣi mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Tremella, olú funfun kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń jẹ láti ayébáyé. Wọ́n ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu ní Gutian, ní ìpínlẹ̀ Fujian. Wọ́n á sè é pẹ̀lú ṣúgà àti èso déètì pupa, wọ́n á mu ún bí ọbẹ̀ dídùn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ní olú yìí ló ń mú ojú Yang Guifei, ààyò ọba nígbà ìjọba Tang, máa dán.

Èkejì ni Pleurotus, ìdílé olú tí àwọn àgbẹ̀ wa náà ń gbìn sínú àpò iyẹ̀ igi, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì sì ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Irú èyí ni wọ́n lò nínú ìwádìí Japan tí mo mẹ́nu kàn.

Ẹ̀kẹta ni àdàlù àwọn olú mìíràn: reishi, chaga, lion's mane, gbogbo rẹ̀ nínú kápúsù kan ṣoṣo. Èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn olùtajà, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Ṣé olú ọ̀gán wa wà lára wọn?

Rárá. Olú ọ̀gán àti ikán jọ ń gbé ni, kò sì tíì sí ẹni tó ń gbìn ín fún ọjà ńlá.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń fa omi tó ìlọ́po 500 ìwúwo rẹ̀?

Iye yẹn, àwọn olùtajà ló ń kọ ọ́. Pé Tremella ń fa omi gan-an, ojú lásán lè rí i. Tí ẹ bá ra gbígbẹ rẹ̀, ẹ óò rí i pé ó le, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ dà á sínú omi fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á wú kún inú abọ́, ewé rẹ̀ á là síta, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbé e kaná fún wákàtí kan sí i, omi tí ẹ fi sè é á ki, á máa fà. Ohun tó ń fà yẹn ni àwọn tó ń ṣe ìpara ń yọ, tí wọ́n ń gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun.

Tí wọ́n bá pò ó mọ́ ìpara tí ẹ fi pa ojú, á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí awọ, á sì dá omi dúró síbẹ̀. Ìyẹn yéni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e mì ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Inú wa kò ní èròjà tó lè dà á, nítorí náà á gba ìfun kékeré kọjá lọ bá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ìfun ńlá, àwọn ni wọ́n á sì jẹ ẹ́. Kò sí ojú ọ̀nà tó ń gbé e lódidi, tòun ti omi tó fà, láti inú ìfun dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Wọ́n ti dán an wò lára eku, àwọn nǹkan kan sì yí padà lára wọn, ṣùgbọ́n eku kọ́ ni wọ́n ń ta kápúsù fún. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìlọ́po 500 ta kápúsù fún yín, iṣẹ́ ìpara ló ń ròyìn, ohun mìíràn ló ń gbà owó lé.

Ṣé kí n kàn máa mu omi púpọ̀ ni?

Tí òùngbẹ kò bá gbẹ yín, tí ìtọ̀ yín sì mọ́, omi àmukún kì í ṣe púpọ̀ fún awọ ara tó gbẹ.

Kí wá ni ìwádìí Japan yẹn rí?

Ọgọ́rin (80) obìnrin tí ara wọn le ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi irú Pleurotus kan ṣe, èyí tó ní mílígíráàmù 25 ergothioneine lójúmọ́. Apá kejì ń lo èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tó kan òun. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Omi tó wà lókè awọ ara àwọn tó lo ti olú pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ó yẹ ká mọ ohun tó ń jẹ́ ergothioneine, nítorí òun gan-an ló mú kí àwọn onímọ̀ tó mọṣẹ́ wọn máa wo ọ̀rọ̀ yìí láwòtúnwò. Ní 1909 ni ará Faransé kan, Charles Tanret, rí i nínú ergot, èèhù dúdú kan tó máa ń ba ọkà rye jẹ́, tí òun náà jẹ́ ẹbí olú. Ara ènìyàn kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, inú oúnjẹ nìkan la ti ń rí i, olú ló sì ní in jù. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé ara ní ẹnu ọ̀nà pàtàkì kan tó ń gba ergothioneine wọlé sínú ẹ̀jẹ̀ àti sínú ẹran ara. Ara kì í la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lásán. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wá. Èyí tó hàn jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń dáàbò bo ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ìbàjẹ́ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fà.

Mo gba ìwádìí yẹn gbọ́ níwọ̀n tó tó, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án kọjá bó ṣe gùn. Ọgọ́rin ènìyàn kò pọ̀. Obìnrin Japan tí ara wọn dá ṣáṣá ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí àrùn awọ ara ń bá fínra láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó ń gbé nínú ọyẹ́ Ọ̀yọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi awọ ara, agbára iná díẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, afẹ́fẹ́ yàrá lásán sì lè yí nọ́ńbà rẹ̀ padà; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá tí ìgbóná àti ọ̀rinrin rẹ̀ kò yí padà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ rí lè wà níbẹ̀ kí ọwọ́ tàbí dígí máà rí i. Lékè gbogbo rẹ̀, irú olú kan àti ìwọ̀n kan ni wọ́n dán wò. Èsì rẹ̀ kò jẹ́rìí fún Tremella, kò jẹ́rìí fún reishi, kò sì jẹ́rìí fún ìgò tí aládùúgbò yín ń tà.

Àwọn kan ní ceramide ló wà nínú tiwọn. Kí nìyẹn?

Ọ̀rá tó wà láàárín àwọn ẹ̀yà awọ ara ni, òun ló ń dí ọ̀nà kí omi má bàa gbẹ jáde. Olú àti irúgbìn ní irú tiwọn, wọ́n sì ń tà á gidigidi ní Japan fún awọ ara, tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún awọ sára páálí rẹ̀.

Tí ìjọba Japan bá gbà wọ́n láyè láti kọ ọ́ sára páálí, ṣebí ó dájú nìyẹn?

Ó yẹ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí "ìjọba Japan fọwọ́ sí i" ni olùtajà máa ń fi pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Láti 2015 ni wọ́n ti ní ètò kan tó gba ilé-iṣẹ́ láyè láti kọ ohun tí oúnjẹ wọn ń ṣe fún ara, bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rí wọn ránṣẹ́ sí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ilé-iṣẹ́ ló ń kó ẹ̀rí jọ, ilé-iṣẹ́ náà ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba kì í dán ọjà ọ̀hún wò.

Abẹ́ ètò yìí ni ọjà ilé-iṣẹ́ Kobayashi kan wà, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì pupa àti irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu ṣe, fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n kó o kúrò lọ́jà, nítorí kíndìnrín ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lò ó ti bàjẹ́. Wọ́n rí i pé ohun mìíràn ti hù mọ́ ọn nílé iṣẹ́, tó sì tú májèlé sínú rẹ̀. Ọjà náà kì í ṣe olú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo ohun tí wọ́n bá gbìn, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀.

Bákan náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Òfin 1994 gba ilé-iṣẹ́ láyè láti ta irú ọjà yìí láìjẹ́ pé FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Nílé wa, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Ẹ má sì fi ìdánilójú iṣẹ́ pè é.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó wà nínú kápúsù?

Ẹ kà á lára ìgò bóyá olú fúnra rẹ̀ ni wọ́n lọ̀, àbí mycelium, ìyẹn àwọn fọ́nrán funfun tó máa ń ta kí olú tó yọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbin fọ́nrán yìí sórí ìrẹsì tàbí ọkà oat, wọ́n á sì lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó rà á lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun ìrẹsì ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé mì.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ tú kápúsù kan sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ kán àyódíìnì tí wọ́n ń tà nílé oògùn sí i. Tó bá di dúdú bí aró, sítáàṣì ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ da omi náà nù, ẹ má tọ́ ọ wò.

Ǹjẹ́ olú lè ba awọ ara jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Olú shiitake tí kò jinná lè mú kí ìlà pupa gígùn gígùn yọ sí ẹ̀yìn, àyà àti apá lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, irú èyí tí pàṣán máa ń fi sílẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú ju ara yòókù lọ dípò kó pọ́n. Ó máa ń yún ni. Ní 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan. Kì í ràn, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára ọmọ rẹ̀ lè rò pé ẹnì kan ló lù ú. Ẹ se shiitake jinná dénúdénú.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ lo kápúsù olú rárá?

Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ní Yúróòpù, tí wọ́n ti gba ergothioneine àfiṣe láyè títí dé mílígíráàmù 30 lójúmọ́ fún àgbà, wọ́n yọ àwọn yìí sílẹ̀.

Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó jìnnà sí reishi.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó sá fún chaga. Oxalate, èròjà tó ń di òkúta nínú kíndìnrín, pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2014, àwọn dókítà Japan ròyìn obìnrin ẹni ọdún 72 kan tó ti ń lo ìyẹ̀fun chaga lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà nítorí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní láti máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àdàlù fi ń bà mí lẹ́rù: ẹni tó ń wá ojú tó ń dán kò mọ̀ pé òun ń gbé chaga mì, kò sì mọ iye tó jẹ́.

Ṣé mo lè já olú lóko, kí n gbẹ ẹ, kí n lọ̀ ọ́ fúnra mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Májèlé tó wà nínú àwọn olú tó ń pani kì í lọ nítorí gbígbẹ tàbí sísè, ó sì lè tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ènìyàn, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ lọ. Ẹ ra èyí tí àgbẹ̀ gbìn, kí ẹ fi se ọbẹ̀; iná kì í ba ergothioneine inú rẹ̀ jẹ́.

Kí wá ni kí n ṣe sí awọ ara mi tó ń gbẹ tó ń funfun?

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kó má gbóná jù, kó má sì pẹ́. Ọṣẹ dúdú ń fọ ìdọ̀tí dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń fọ ọ̀rá ara náà dànù, nítorí náà tí ara yín bá gbẹ, ẹ má fi í fọ gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi aṣọ tẹ omi ara gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì fi òrí tàbí Vaseline pa á kí ọ̀rinrin tó tán lára. Ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òrí kì í mú omi wá, èyí tó bá nílẹ̀ ló ń dè mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Chicago, ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín gbóná lásìkò òtútù ń gbẹ ara bí ọyẹ́ ti ń gbẹ ẹ́, ẹ fún àkókò yẹn ní òrí púpọ̀ sí i. Ẹni tó ń bóra, kó jáwọ́: kò sí kápúsù tó lè tún ohun tí ìpara yẹn ń bàjẹ́ ṣe.

Tí ara bá ń yún yín mọ́jú, tó ń sán, tàbí tí gbígbẹ náà bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀ tàbí òùngbẹ, ẹ lọ yẹ ara wò. Àtọ̀gbẹ, àrùn kíndìnrín àti ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fara hàn lórí awọ kí wọ́n tó hàn níbòmíràn.

Mo ti rà á. Ṣé kí n dà á nù?

Tó bá jẹ́ Tremella tàbí Pleurotus nìkan, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí ara yín sì le, kò sí ohun tó burú tí ẹ bá lò ó tán. Àdàlù tí kò sọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e mì. Ẹ dá lílò rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ara bá ń yún yín, tí funfun ẹyinjú bá di yẹ́lò, tí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tó dín kù. Kí ẹ sì gbé ìgò náà dání lọ sílé ìwòsàn, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni dókítà yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀.