Ibi tí ìwé-ẹ̀rí Human Kinetics lè gbéni dé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìṣípòpadà ara àti eré ìdárayá, ló gbà pé fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tó ń mú kí ara tó ní ìṣòro lè ṣiṣẹ́ padà, ni àwọn ń kọ́. Òun kọ́ o. Fisiotẹ́rápì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì ní ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ níwèé àṣẹ, ìyẹn Medical Rehabilitation Therapists Board. Ní Nàìjíríà, másítà kò lè sọ ẹni tó ka Human Kinetics di fisio. Àfi kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, másítà ọlọ́dún méjì wà tó ń gba irú wọn wọlé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ó yẹ kéèyàn ti mọ èyí láti ọdún kìíní, kó má jẹ́ ìgbà tó bá parí àgùnbánirọ̀.

Ní Yunifásítì Ìlọrin, abẹ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni Human Kinetics wà, nítorí náà iṣẹ́ tíṣà ló sún mọ́ wọn jù. Ìdánwò TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni wọ́n máa ń ṣe láti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ti gba NCE nínú Physical and Health Education lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì.

Ní ti àwọn tó fẹ́ bá eléré ìdárayá ṣiṣẹ́, tàbí tó fẹ́ dá jíìmù sílẹ̀ ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe ló máa sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìdánwò àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi ń mọ bí ara èèyàn ṣe le tó. Àpótí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 ni wọ́n ń lò. Ẹni náà á gùn ún, á sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 3. Bó bá ti jókòó, kí ọwọ́ olùdánwò ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5, kó ka bí ọkàn ṣe ń lù fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá pẹ́ kó tó kà á, ọkàn á ti rọlẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò le á wá dà bí eléré ìje. Ooru ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin ń ṣe òdìkejì rẹ̀, ó ń mú ọkàn sáré ju bó ti yẹ lọ. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù.

Ìwé-ẹ̀rí òkèèrè náà wúlò. CSCS, ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń kọ́ eléré ìdárayá lágbára, ń béèrè dìgírì àti ìwé CPR, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. ACSM-CPT, ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń darí eré ìmárale fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò béèrè dìgírì, ṣùgbọ́n kò yọ CPR sílẹ̀. CPR tí wọ́n kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, láìfọwọ́ tẹ àyà ọmọlangidi, wọn kì í gbà á.

Ní ti másítà, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba ohun tó bá kéré sí Second Class Lower, ìyẹn 2.40 nínú 5. Transcript, ìyẹn ìwé tó ní gbogbo èsì ìdánwò èèyàn ní yunifásítì, ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró: iléèwé sí iléèwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Kí ẹ tètè béèrè fún un, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìwé WAEC, kódà lẹ́tà kan.