Kọ́tísọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀: èyí tó wà nídè àti èyí tó ń ṣiṣẹ́

Bí ẹ̀rù bá ba ẹranko lójijì, ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín á tú họ́mọ̀nù másùnmáwo sínú ẹ̀jẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni tèèyàn, ajá àti màlúù. Ti eku ni kọ́tíkósítẹ́rọ́ọ̀nù, ọmọ ìyá rẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ara fi ń ṣe méjèèjì. Nítorí náà, ọ̀rá ni wọ́n bá tan, wọn kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn purotéènì ló ń gbé wọn kiri. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni tiransikọ́tíìnì, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Ẹyọ kan rẹ̀ kò lè gbà ju ẹyọ họ́mọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń dì í mú dáadáa. Èkejì ni àlùbúmíìnì: ó pọ̀ lọ súà nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò le. Lára èèyàn tí ara rẹ̀ dá, bíi 80 sí 90 nínú 100 kọ́tísọ́ọ̀lù ló wà lọ́wọ́ tiransikọ́tíìnì, àlùbúmíìnì di púpọ̀ nínú ìyókù mú, èyí tó wà lómìnira kò ju nǹkan bíi 5 lọ.

Ìwọ̀nba tó wà lómìnira yìí ló lè jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kó bá purotéènì mìíràn tó ń dúró dè é níbẹ̀ pàdé. Ẹ má rò pé okùn ni wọ́n fi so ìyókù o. Ńṣe ni họ́mọ̀nù ń wọlé, tó ń jáde nínú ihò kan lára purotéènì náà láìsinmi. Bí èyí tó wà lómìnira bá ti ń lọ sínú ẹran ara, òmíràn á jáde wá dí àyè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń pe tiransikọ́tíìnì ní ọkọ̀ akẹ́rù lásán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú ọgbẹ́ tó wú, tó pọ́n, tó ń gbóná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á ya bo ibẹ̀, wọ́n á tú ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ elastase sílẹ̀. Elastase á gé apá kan lára tiransikọ́tíìnì, ìrísí purotéènì náà á yí padà, ọwọ́ rẹ̀ á sì dẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kọ́tísọ́ọ̀lù á já sílẹ̀ sí, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ láti pẹ̀tù sí wíwú náà. Ibà pàápàá ń ṣe irú rẹ̀: bí ara bá ṣe ń gbóná sí i ni ìdìmú náà ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣini lọ́nà níbi àyẹ̀wò. Bí obìnrin bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa ṣe tiransikọ́tíìnì púpọ̀ sí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ka gbogbo kọ́tísọ́ọ̀lù pọ̀ á wá gbé iye tó ga jáde, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó wà nídè ló pọ̀ sí i. Ìdí rèé tí dókítà fi lè ní kó tutọ́ sínú ike kékeré kan: tiransikọ́tíìnì tóbi ju ẹni tó ń ráyè bọ́ sínú itọ́ lọ, kọ́tísọ́ọ̀lù tó wà lómìnira ló ń kọjá.