Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ eegun ní Nàìjíríà

Dókítà tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ eegun ní láti fi ó kéré tán ọdún 5 kọ́ṣẹ́ sí i nílé ìwòsàn lẹ́yìn tó ti gboyè ìṣègùn. Rẹ́sídẹ́ńsì ni wọ́n ń pe ìkọ́ṣẹ́ yìí. Aláìsàn ló ń tọ́jú bó ṣe ń kọ́ ọ, ó sì ń gba owó oṣù.

Tí wọ́n bá ń sọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, Ìgbóbì ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Ilé ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjọba àpapọ̀ tún ní irú rẹ̀ ní Enugu àti ní Dala, Kánò.

Lẹ́yìn ọdún háósìmán, ìyẹn iṣẹ́ àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn lẹ́yìn tó gboyè, àti ti àgùnbánirọ̀, dókítà á ṣe ìdánwò Primary kó tó di rẹ́jísírà, ìyẹn dókítà tó wà nínú rẹ́sídẹ́ńsì. Part I ló ń sọ ọ́ di rẹ́jísírà àgbà, Part II ló sì ń ṣí ọ̀nà ipò kọ̀ńsọ́táǹtì, ìyẹn ọ̀gá dókítà tó ti kọ́ṣẹ́ parí. National Postgraduate Medical College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, àti West African College of Surgeons ló ń ṣe ìdánwò wọ̀nyí.

P.O.P., ìyẹn báńdéèjì ẹlẹ́fun tó ń le tí wọ́n fi ń di eegun tó kán, wà lára ohun tí ọwọ́ rẹ́jísírà kọ́kọ́ ń mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló kán, á fi òwú wé e, á ri báńdéèjì náà bọ omi títí tí kò fi ní hó mọ́, á fún un díẹ̀, á wá máa wé e láìfà á le. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe orí ìka, torí ibi tí ìka bá tẹ̀ wọnú á máa gún awọ tó bá gbẹ. Lẹ́yìn náà, á tẹ èékánná ẹsẹ̀ títí á fi funfun, á mú ọwọ́ kúrò, á wo bóyá ẹ̀jẹ̀ tètè padà síbẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tó ju èyí lọ nínú iṣẹ́ náà. Eegun tó kán lè dúró dọ̀la. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ kò lè dúró. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń to eegun, àwọn mìíràn sì ń dé pẹ̀lú ìka tó ti dúdú lábẹ́ ọparun tí wọ́n dì le jù. Ó dunni gan-an láti gé ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò yẹ ká gé rárá.

Nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ki irin gbọọrọ bọ inú eegun itan tàbí ojúgun. Èyí tí àjọ SIGN ti Amẹ́ríkà ṣe kò nílò ẹ̀rọ ẹ̀síréè nínú tíátà: rẹ́jísírà ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò tó lu sára eegun, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń sọ fún un pé ó ti kan ojú ihò irin tó wà nínú kó tó de ìṣó mọ́ ọn.

Òfin ọdún 2017 ló fìdí ìnáwó ìjọba àpapọ̀ lórí ìkọ́ṣẹ́ yìí múlẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí kọ̀ńsọ́táǹtì bá ti ṣọ̀wọ́n, rẹ́jísírà kì í tètè rí ẹni dúró tì í nígbà tó bá kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ.