Òru ni, kì í ṣe ọ̀sán: àwọ̀ tó sọnù lára sinimá ọ̀daràn àtijọ́

Nínú ọ̀pọ̀ sinimá ọ̀daràn tí wọ́n ṣe kí ohùn tó wọ inú sinimá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán á sọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Lẹ́yìn náà, olè kan tó wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀ á máa rìn lórí òrùlé, òjìji rẹ̀ á sì hàn kedere bíi ti ọ̀sán gangan. Àwọn èèyàn á ní àwọn tó ṣe é kò mọ iṣẹ́, tàbí pé dúdú àti funfun nìkan ni gbogbo sinimá ìgbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òru yẹn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Búlúù ni.

Fíìmù ìgbà náà kì í rí ìmọ́lẹ̀ pupa, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kó tó lè ya nǹkan. Kò sẹ́ni tó lè fi ya ojú pópó lóru láìgbé àwọn iná ńláńlá wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yà á lọ́sàn-án, tí wọ́n á wá rẹ ẹ̀dà tó ń lọ sí gbọ̀ngàn sinimá láró. Ìgbà tí àṣà yìí gbilẹ̀ gan-an ni Louis Feuillade ṣe Fantômas, apá 5, láàárín 1913 sí 1914, àti Les Vampires, apá 10, láàárín 1915 sí 1916, fún ilé iṣẹ́ Gaumont ní Faransé. (Orúkọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni Vampires; kò sí ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.)

Búlúù dúró fún òru, àwọ̀ oyin fún yàrá tí àtùpà ń tàn nínú rẹ̀, pupa fún iná tó ń jó ilé. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n òǹwòran mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá wọ yàrá òkùnkùn tó sì tan iná, wọ́n á gé fíìmù níbẹ̀, búlúù á parí, àwọ̀ oyin á bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é, ẹni tó mọ àdìrẹ á sì tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní dà bí aṣọ funfun tí a kò dì, tí a kò fi ẹ̀kọ sí, tí a rì sínú aró: gbogbo rẹ̀ ló gba àwọ̀, títí kan ibi tó funfun. Nínú èkejì, kẹ́míkà ló ń yí fàdákà inú àwòrán padà, irin sì lè sọ ọ́ di búlúù. Òjìji nìkan ló ń yí àwọ̀ padà níbẹ̀. Funfun á dúró ní funfun. Wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí òṣèré wọ̀, wàá mọ èyí tó jẹ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á ṣe méjèèjì pọ̀ lórí fíìmù kan náà.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìkòkò aró tirẹ̀, nítorí náà wọ́n ń to nẹ́gẹ́tíìfù (fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà jáde) jọ ní ìbámu pẹ̀lú àwọ̀, kì í ṣe bí ìtàn ṣe lọ. Lẹ́yìn rírẹ, fífọ̀ àti sísá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lẹ àwọn ègé náà pọ̀, ẹ̀dà kan lẹ́yìn òmíràn. Gbogbo ibi tí àwọ̀ ti yí padà ni oríkèé kan wà, oríkèé yìí ló sì ń tètè já.

Báwo wá ni àwọ̀ ṣe sọnù? Nẹ́gẹ́tíìfù fúnra rẹ̀ kò ní aró lára. Tí òun nìkan bá ṣẹ́ kù, dúdú àti funfun ni yóò bí. Fíìmù nitrate ìgbà náà sì ń gbiná, ó ń jẹrà, nítorí náà àwọn ilé ìpamọ́ da àwòrán inú rẹ̀ kọ sórí fíìmù tuntun. Fíìmù aláwọ̀ wọ́n, ó sì ń ṣá, ni wọ́n bá lo dúdú àti funfun. Ibẹ̀ ni òru ti di ọ̀sán.

Ní ilé ìpamọ́ sinimá tó wà ní Brussels, ní Belgium, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Noël Desmet wá ọ̀nà kan láti dá àwọ̀ padà: ya ẹ̀dà tí wọ́n rẹ sórí nẹ́gẹ́tíìfù dúdú àti funfun, tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù aláwọ̀, kí o wá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ sí fíìmù kan náà. Tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá pọ̀ jù, kùrukùrù á bo àwòrán. Níbi tí kò ti sí ẹ̀dà aláró mọ́, àkọsílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sí orí ègé nẹ́gẹ́tíìfù lè sọ àwọ̀ tó yẹ.

Tí o bá rí olè tó mú àtùpà dání nínú oòrùn, ẹ̀dà tí a ti bọ́ láṣọ lò ń wò. Wá èyí tí wọ́n ti dá àwọ̀ rẹ̀ padà.