Ìsọ̀ Ẹlẹ́mu Tí Orin Jùjú Ti Jáde

Ìsọ̀ ẹlẹ́mu ní Erékùṣù Èkó ni kí ẹni tó bá ń wá orísun orin jùjú kọ́kọ́ yà sí. Ẹmu fúnra rẹ̀ ló sọ ibẹ̀ di ibi àpéjọ. Èyí tí adẹ́mu bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ a máa dùn. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti hó, ó ti ń le. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó ti kan. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n dá a náà ni wọ́n ní láti mu ún, ẹnìkan ṣoṣo kò sì lè dá mu agbè kan tán. Bí iṣẹ́ bá ti parí, akọ̀wé, káfíńtà àti òṣìṣẹ́ èbúté á jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, ahá á máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á dórin, ẹni tí kò ní ìlù á sì fi ṣíbí lu ìgò.

Àwọn atukọ̀ Kúrù láti Làìbéríà ló mú ọ̀nà fífi ìka ta gìtá káàkiri etíkun títí dé Èkó. Nígbà tó débẹ̀, ó bá àwọn ọmọ Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sàró (Sierra Leone) padà wálé, tí wọ́n tẹ̀dó sí Olówógbówó ní Erékùṣù Èkó, ó sì bá àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé, pẹ̀lú ìlù sáḿbà onígun mẹ́rin tí wọ́n ń lù ládùúgbò.

Inú àwùjọ yìí ni wọ́n bí Tunde King, olórin jùjú, sí ní 1910. Ní òpin àwọn ọdún 1920, òun àti àwọn ọ̀dọ́ Olówógbówó máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, wọ́n á mu, wọ́n á tàkúrọ̀sọ, wọ́n á sì kọrin. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ní kò ju ẹni mẹ́ta lọ: gìtá, ìlù sáḿbà àti máràkásì tí wọ́n ń mì. Lójú tèmi, bẹ́ńṣì ẹlẹ́mu ló pinnu ìwọ̀n yẹn, nítorí orin tó bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kò wúlò níbi tí àwọn ènìyàn ti wá sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n náà ló sì jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn ọlọ́lá láti pè é sí pálọ̀ wọn, tó fi ń ki wọ́n lóríkì, kí ilé-iṣẹ́ àwo orin Parlophone tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1936.

Ọdún 1949 ló yí nǹkan padà. Ọdún náà ni bíà Star, èyí tí wọ́n pọn ní Èkó, kọ́kọ́ jáde. Bíà inú ìgò kì í kan mọ́jú, kò sì dandan kí ènìyàn wá ẹni tí yóò bá a mu ún. Ọdún yẹn kan náà ni Ayinde Bakare, olórin jùjú mìíràn, so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Láti ìgbà náà, gángan lè dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá láìbò ó mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré di ẹlẹ́ni púpọ̀, jùjú sì bọ́ sí òde ìnáwó.