Wíwá orúkọ baba ńlá tó ṣe ẹrú ní Amẹ́ríkà

Ọdún 1870 ni ọ̀nà sábà máa ń dí mọ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó bá ń tọpa ìran rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún yẹn ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Lọ́dún 1850 àti 1860, orúkọ olówó tó ni ẹrú ni wọ́n kọ. Ti àwọn ẹrú rẹ̀ kò ju ọjọ́ orí, àwọ̀ ara, àti bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo. Ọmọ tí ìyá bí tó sì sọ lórúkọ, bí ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ṣe kà á.

Ọ̀dọ̀ àgbà tó ṣì wà láyé ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló bí ìyá ìyá yín, káúńtì (ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀) wo ni wọ́n gbé, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n sin wọ́n sí? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi ìwé ìkànìyàn rìn padà sẹ́yìn, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti 1950. Ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1950 ṣì wà ní títì pa, nítorí ó gbọ́dọ̀ pé ọdún 72 kí aráàlú tó rí i. Ìwé 1900 wúlò gidigidi: oṣù àti ọdún ìbí wà níbẹ̀, àti iye ọmọ tí obìnrin bí àti iye tó kù láyé. Iná tó jó ní Washington ní oṣù kìíní ọdún 1921 ló ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé 1890 jẹ́, nítorí náà 1880 ló kàn. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1882 sì lè ti kúrò nílé kí 1900 tó dé, kí ìkànìyàn kankan má sì fi í hàn lọ́dọ̀ òbí rẹ̀.

Ìwé 1880 sọ ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá ẹni. Nígbà mìíràn, Áfíríkà ni wọ́n kọ. Irú bẹ́ẹ̀ kò yani lẹ́nu ní Mobile, ní Alabama, níbi tí ọkọ̀ òkun Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn dé lọ́dún 1860. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ.

Láti ré 1870 kọjá, olówó ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí wọ́n gbà pé orúkọ ìdílé ẹni ni orúkọ olówó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba òmìnira ló mú orúkọ mìíràn. Ó dára kí wọ́n wo àwọn aládùúgbò inú ìwé 1870, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rìn jìnnà sí oko tí wọ́n ti sìn.

Ìwé Freedman's Bank, báńkì àwọn tó gba òmìnira, tó ṣiṣẹ́ láti 1865 sí 1874, jẹ́ ìṣúra. Kí báńkì lè dá oníbàárà tí kò mọ̀wé mọ̀, wọ́n ń bi í ní orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nígbà mìíràn, wọ́n bi í ní orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ìwé àwọn ọmọ ogun náà wà ní National Archives, ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí. Nǹkan bí 179,000 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló jà fún ìjọba àpapọ̀ nínú ogun abẹ́lé. Opó tó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ní láti fi hàn pé òun fẹ́ olóògbé, bẹ́ẹ̀ ẹrú kò ní ìwé ìgbéyàwó. Àwọn tí wọ́n jọ sìn lóko kan náà ló máa ń wá jẹ́rìí: ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ra, ilé ta ni.

Bí orúkọ olówó bá ti hàn, ó kù kí wọ́n lọ sí kóòtù káúńtì rẹ̀. Nínú ìwé ìhágún àti àkójọ ẹrù òkú ni orúkọ tí ìkànìyàn kò kọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù àti ìtúlẹ̀, pẹ̀lú iye owó. Ó ń dunni láti kà. Àmọ́ níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí ìyá àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lórí ìlà kan náà, torí olówó ìyá ló ni ọmọ. Bàbá lè wà ní oko ẹlòmíràn, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti wá olówó tiẹ̀.