Oko wà ní Jàmáíkà, ọlọ́ko wà ní Ìlú Ọba

Màmá kan tí mo ń bá ṣe ìwé ìhágún rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ gbafẹ́ ní àríwá Wales. Wọ́n mú wọn wọ Penrhyn Castle, ilé ràgàjì kan bí ààfin nítòsí ìlú Bangor. Ó rí ibùsùn tí wọ́n fi òkúta síléètì ṣe níbẹ̀, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, tí wọ́n ṣe de Ọbabìnrin Victoria nígbà tó wá kí wọn lọ́dún 1859. Ẹni tó ń mú wọn kiri sọ fún wọn pé owó ẹrú Jàmáíkà wà nínú ilé náà. Nígbà tí màmá máa fi dé ọ́fíìsì mi lọ́sẹ̀ kejì, kò tíì jókòó tó fi bi mí pé: "Lọ́yà, ṣebí wọ́n ní Ìlú Ọba níbí ni àwọn èèyàn yẹn ń gbé. Ta ló wá ń bá wọn na ẹrú ní Jàmáíkà?"

Ọ̀rọ̀ ogún ni iṣẹ́ mi, mo sì lè dáhùn ìyẹn, torí pé ìwé ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀: lẹ́tà, ìwé ìṣirò owó, ìwé ìhágún.

Richard Pennant, tí ìdílé rẹ̀ ni ilé tí màmá wọ̀ yẹn, ni ká wò. Ó jogún oko ìrèké ní agbègbè Clarendon ní Jàmáíkà. Ìlú Ọba ló ń gbé, ó ṣojú Liverpool nílé aṣòfin, ó sì jà fitafita kí wọ́n má fòfin de òwò ẹrú. Ní Jàmáíkà, aṣojú ló di oko mú fún un, alábòójútó wà lábẹ́ aṣojú, àwọn tó mú pàṣán dání wà lábẹ́ alábòójútó. Bí ṣúgà bá gúnlẹ̀, alágbàtà kan á tà á, á yọ owó ọkọ̀, owó adójútòfò àti owó iṣẹ́ tirẹ̀, á wá kọ ìyókù sí orúkọ ọlọ́ko. Ohun tó ń dé tábìlì Pennant kò ju bébà lọ. Kò sí ariwo ẹnikẹ́ni nínú bébà.

Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí Jàmáíkà, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ pa àwọn màlúù tàbí àwọn adúláwọ̀ òun. Màlúù ló kọ́kọ́ dárúkọ. Àfàìmọ̀ ni kó má rò pé àánú lòun ń ṣe.

Báwo wá ni owó yẹn ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn? Nílé wa, bí bàbá bá kú tí kò fi ìwé sílẹ̀, a máa pín ogún ní ìdí-igi tàbí orí-ojorí. Tó bá fi máa di ìran kẹta, oko ti gé kélekèle. Ọlọ́lá Òyìnbó ayé ìgbà yẹn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin ló sábà ń kó ilẹ̀, ilé àti oyè lódindi. Àwọn yòókù ńkọ́, opó, ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ, àbíkẹ́yìn? Wọ́n á kọ owó ọdọọdún fún wọn sínú ìwé ìhágún, wọ́n á sì fi oko Jàmáíkà dúró fún un. Obìnrin kan lè wà ní ìlú Bath tó ń mu tíì, tí kò mọ ewé ìrèké yàtọ̀ sí ti àgbàdo, kó jẹ́ pé ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ san owó ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi ń bínú sí ẹni tó bá ní ìyá ìyá òun kò nà ẹnikẹ́ni rí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Owó náà wọlé síbẹ̀.

Pennant kú lọ́dún 1808, kò bímọ. Ogún bọ́ sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, George Hay Dawkins, tó sì so Pennant mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Òun ló kọ́ ilé tí màmá wọ̀ yẹn.

Lọ́dún 1833 ni ilé aṣòfin fòfin de ìkóni-lẹ́rú, òfin náà sì mú ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 1834. Wọ́n ya 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń ná lọ́dún kan. Àwọn ọ̀gá ẹrú ni wọ́n san án fún. Àwọn ẹrú, tí wọ́n tó nǹkan bí 800,000, kò rí kọ́bọ̀. Kódà, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀gá kan náà títí di 1838, wọ́n ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó ti ń gé ìrèké láti kékeré, kí ló tún fẹ́ kọ́?

Ìjọba yá 15 mílíọ̀nù nínú owó yẹn, ọdún 2015 ni wọ́n tó san gbèsè náà tán. Ẹ tún un kà. Gbogbo nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ wa, tó ti ń san owó orí nílùú yìí ṣáájú 2015, wà lára àwọn tó bá wọn san án.

Nínú owó náà, Dawkins-Pennant gba 14,683 pọ́n-ùn lórí èèyàn 764. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò pín in níwájú màmá: pọ́n-ùn 19 àti díẹ̀ lórí ẹnì kan. Ó ní kí n tún un ṣe, bóyá mo ṣì í.

Ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an kọ́ ni kókó. Láti nǹkan bí 1782 ni Pennant àkọ́kọ́ ti ń da èrè ìrèké sórí ilẹ̀ Wales: ó la ọ̀nà, ó ṣe èbúté, ó sọ ibi tí wọ́n ti ń wa síléètì di ńlá, síléètì ibẹ̀ sì bo òrùlé ilé káàkiri. Ìrèké ti di òkúta. Torí náà, bí ìdílé kan bá sọ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ta oko Jàmáíkà, ìbéèrè tí lọ́yà ogún máa bi wọn ni pé: kí ni ẹ fi owó rẹ̀ rà? Ní ti Penrhyn Castle, owó orí ogún ló gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1951, ó sì bọ́ sọ́wọ́ National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ìyẹn ni màmá fi ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́.

Ní ti àwa Yorùbá, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ. Àmọ́ nígbà tí oko ẹrú parí, àwọn ọlọ́ko Trinidad wá òṣìṣẹ́ kiri, láti 1841 sì ni wọ́n ti ń kó àwọn tí ọmọ ogun ojú omi Ìlú Ọba gbà lórí ọkọ̀ ẹrú wá láti Sierra Leone. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó ní Trinidad títí dòní.

Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ wò ó, yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù ti to orúkọ àwọn tó béèrè nínú 20 mílíọ̀nù yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè fi orúkọ èèyàn wá a, tàbí orúkọ oko. Ẹ ṣọ́ra, torí pé orúkọ máa ń jọra, gbogbo ẹni tó béèrè kọ́ ló sì rí gbà.

Màmá kò bèèrè orúkọ ọlọ́ko kankan. Ó ní, "Àwọn 764 yẹn ńkọ́, ṣé orúkọ tiwọn wà níbì kan?" Mo ní ó wà, mà. Láti 1817 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹrú Jàmáíkà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti bóyá Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn wá tàbí ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew ni àwọn ìwé náà wà. Ó tú báàgì rẹ̀, kò rí bébà, ó wá na rìsíìtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já fún un sí mi pé kí n kọ nọ́ńbà àwọn ìwé náà sẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ọ́: T 71.